Àjọ̀dún fíìmù Palẹsítínì ní gbọ̀ngàn àdúgbò: kí ló máa ń bàjẹ́?

Adéọlá_Peckham: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ mẹ́ta, gbọ̀ngàn tó gba èèyàn 80. Kí ni kò yẹ kéèyàn gbàgbé?

AwoSinimá: Ìwé àṣẹ. Netflix tẹ́ ẹ ń sanwó rẹ̀ nílé kò ní kẹ́ ẹ fi han gbogbo àdúgbò. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń pín fíìmù náà: ọjọ́, iye àga, ẹ máa gbowó ẹnu ọ̀nà àbí ẹ ò ní gbà á. Nǹkan mẹ́ta yẹn ni wọ́n fi ń dá iye lé e.

Ṣẹ̀gunDCP: Tó bá jẹ́ DCP (irú fáìlì fíìmù tí ilé sinimá ń lò) ni wọ́n fi ránṣẹ́, ext2 tàbí ext3 (ètò tí Linux fi ń to fáìlì) ló sábà máa ń wà lórí drive. Windows ò ní rí i, wọ́n á ní drive ti kú. Tí wọ́n bá ti DCP náà pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ (fáìlì kan tó ń jẹ́ KDM) kì í ṣí lórí ẹ̀rọ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe é fún, ó sì ní ọjọ́ àti wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó kù ọ̀la, ó parí.

ÌyáÌbejì_SE15: Gbọ̀ngàn ìjọ wo ló ní ẹ̀rọ DCP? MP4 ni wọ́n á lò jàre.

Ṣẹ̀gunDCP: MP4 náà ní wàhálà tiẹ̀. Tí fíìmù bá jẹ́ 25 fíréèmù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí subtitle (ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù) jẹ́ ti 24, lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n ti fi ìṣẹ́jú méjì lé díẹ̀ jìnnà síra. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń wò. Ẹ fò lọ síparí, ẹ wò ó níbẹ̀. Ẹ tún fi SRT (fáìlì subtitle) pamọ́ ní UTF-8 (ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Lárúbáwá á di àmì ìbéèrè.

ỌmọÌjẹ̀bú: Ẹ gbé aṣọ sinimá sókè! Orí ará iwájú ló ń jẹ subtitle.

Adéọlá_Peckham: 😂 Àwọn fíìmù wo?

ÌyáÌbejì_SE15: The Wanted 18 fún ọ̀sán Sátidé. Màálù 18 ní ìlú Beit Sahour ní West Bank, ọmọdé á gbádùn rẹ̀. From Ground Zero wá wúwo: fíìmù kéékèèké 22 láti Gásà. Ẹ tan iná díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá parí, ẹ má sáré bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

AwoSinimá: No Other Land ńkọ́? Òun ló gba Oscar ti fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi (documentary) ní 2025.

ỌmọÌjẹ̀bú: Olùdarí mẹ́rin ló ní, méjì Palẹsítínì, méjì Ísírẹ́lì. Ṣé ti Palẹsítínì nìyẹn?

AwoSinimá: Masafer Yatta, àwọn abúlé Palẹsítínì ní West Bank, ni ìtàn ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́?

ỌmọÌjẹ̀bú: Mo béèrè ni o.

ÌyáÌbejì_SE15: Ẹ jẹ́ ká sọ ti oúnjẹ. Tí wọ́n bá se maqluba (oúnjẹ ìrẹsì Palẹsítínì), kó sinmi bí ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó dojú ìkòkò dé, kó má baà tú ká.

ỌmọÌjẹ̀bú: Ìrẹsì tí wọ́n ń dojú ẹ̀ dé níwájú àlejò! Ìgboyà nìyẹn.

Ṣẹ̀gunDCP: Tí olùdarí bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láti Ramallah lórí fídíò, wákàtí méjì ni wọ́n sábà fi ṣíwájú Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ tí wọ́n ń sún aago síwájú kì í bá tiwa mu, ó lè di wákàtí kan. Ẹni tó bá wà ní Gásà, ẹ ní kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́ ṣáájú, torí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì.

Adéọlá_Peckham: Ẹ ṣé. Ta ló ní àtẹ̀gùn tá a máa fi so aṣọ yẹn?