Kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká: ẹ gbé e kí ẹ tó gùn ún

Ará Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nítorí pé ìbéèrè lórí kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká ti pọ̀ láàárín wa, mo ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí kẹ̀kẹ́ méjì ni mo rà kí n tó ní ẹyọ kan tó wúlò fún mi.

Ẹ̀dínwó ló fà mí lọ sídìí àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 20, oríkèé kan wà láàárín igi rẹ̀ tí wọ́n fi ń ká a sí méjì, ó sì ń sáré dáadáa lójú títì. Mo gùn ún yí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ká lẹ́ẹ̀mejì, mo sanwó, n kò sì gbé e wò rárá. Bẹ́ẹ̀ àjà kẹta ni mò ń gbé, ilé wa kò sì ní lífítì. Kìlógíráàmù 14 ni kẹ̀kẹ́ náà. Okùn rọ́bà kan ni wọ́n ní kí n máa fi dè é bí mo bá ti ká a tán. Ìgbàkígbà tí okùn náà bá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìdajì kẹ̀kẹ́ á là, pẹ́dà á sì gbá mi lójúgun. Àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ òsì mi. Kò pé oṣù méjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti jí ìjókòó rẹ̀ lọ. Mo tà á.

Kí n tó ra èkejì, mo kọ́kọ́ yá Brompton, irú kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká kan, lò fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ní àpótí tí èèyàn ti lè yá a nítòsí àwọn ibùdókọ̀ ojú irin kan. Greenford, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16, èyí tí mo lò sì wọn kìlógíráàmù 11 àti díẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ ó kọ́kọ́ yí wọ abẹ́, ẹ ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ iwájú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, bí ẹ bá sì ti ti ìjókòó wọlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni yóò há gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ààrin ẹsẹ̀ méjèèjì ni ṣéènì máa ń bọ́ sí, nítorí náà girísì kì í kan aṣọ nọ́ọ̀sì mi. Ọ̀kan tí ẹlòmíì ti lò ni mo rà níkẹyìn. Bí mo bá ti ká a, mo lè gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ nígbàkígbà, kódà ní àárọ̀ tí èrò ń fún ara wọn pa, àyè tí wọn kì í fún kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká. Ti bọ́ọ̀sì yàtọ̀ o, ọwọ́ awakọ̀ ló wà, ọ̀kan sì ti kọ̀ fún mi rí nínú òjò.

Ní ti eré ìmárale, ẹ̀rù ń bà mí tẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ kékeré yóò mú kí n máa wa pẹ́dà bí ẹni tó ń lọ ata. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín 50 ló wà lórí àwo tí ṣéènì ń gbà kọjá níwájú, 13 péré ló sì wà lẹ́yìn lórí tèmi tó ní gíà mẹ́ta, tó fi jẹ́ pé bí pẹ́dà bá yí po lẹ́ẹ̀kan ní gíà àárín, kẹ̀kẹ́ ti lọ nǹkan bíi mítà márùn-ún. Ní àràárọ̀ Sátidé, mo máa ń gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Richmond Park, ọgbà ìtura ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí yíyípo títì rẹ̀ kan ti tó kìlómítà 11 lé díẹ̀ tàbí dín díẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì í gun òkè. Ní báyìí, mo ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo kòtò ni ẹsẹ̀ kékeré ń rí o, ọrùn ọwọ́ sì ni yóò jábọ̀. Ẹni tí kò ní àtẹ̀gùn gùn, tí kò sì ní ọkọ̀ ojú irin wọ̀, kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká ni kí ó rà.

Ará Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa tí a sanra kún un. Kìlógíráàmù 104 ni mo wọn nígbà tí dókítà ní kí n wá nǹkan ṣe. Èmi àti ìyàwó mi ti fẹnu kò lórí Brompton, kí n tó kà á nínú ìwé rẹ̀ pé 110 ni èèyàn àti ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ wá ro kọ̀ǹpútà, bàtà iṣẹ́ àti abọ́ ìrẹsì mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn fún oṣù mẹ́rin, mo wọn 97, mo wá lọ gbà á nípa ètò Cycle to Work, tí ibi iṣẹ́ fi ń ra kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún èèyàn, tí wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó-orí. Mo tún ga. Eékún ro mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé wọ́n ní òpó ìjókòó tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí mo pààrọ̀ rẹ̀ ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ará Yábàá, Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fi irú kẹ̀kẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀dọ̀ yín. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn là, baba tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa mú táyà tuntun jáde tí wọ́n kọ 16 sí lára gàdàgbà. Baba fi ọṣẹ sí i, ó fi irin méjì wọ́ ọn, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, táyà kò gun rímù. Ìgbà tí a wá fi ojú wá nọ́ńbà kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà méjèèjì, èyí tó ń sọ bí rímù tí táyà bá mu ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, ni a rí i pé 305 ni wọ́n kọ sára táyà tuntun, ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, nígbà tí 349 wà lára tèmi, bẹ́ẹ̀ 16 ni wọ́n ń pe méjèèjì. Mo wá 349 káàkiri ọjà, n kò rí i, àmọ́ 406, tó jẹ́ ti íǹṣì 20, kún ilẹ̀ nítorí òun náà ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọdé ń lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kẹ̀kẹ́ fi gbára ti ògiri kí ẹni tó ń bọ̀ wálé tó bá mi ká táyà náà sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Méjì ni mo ní kí ó rà.