Ìdíje ìpegedé àbí ìdíje àṣewọlé?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kí a máa pe ìdíje tí àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ fi ń wá ọ̀nà dé ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní “ìdíje ìpegedé”. Mo mọ̀ pé ó ti mọ́ àwọn oníròyìn lẹ́nu, àmọ́ kò wọ̀ mí létí.

Ní Iléṣà níbí, bí a bá ní ẹnìkan pegedé, ara ẹni náà là ń sọ: ó kún ojú òṣùwọ̀n, kò kù síbì kan. Ẹ wá wo 2013. Ní Mòrókò, Ivory Coast fi pẹnárítì na Nàìjíríà, wọ́n gbé ife Áfíríkà lọ. Síbẹ̀, ìdíje yẹn náà ló gbé àwọn ọmọ wa dé ife àgbáyé, wọ́n sì na Mexico 3-0 ní àṣekágbá. Ta ló wá pegedé níbẹ̀?

Ní 2022, abẹ́ àtíbàbà fọkanáísà kan nítòsí ọjà Àtàkúnmọ́sà ni mo jókòó sí, táyà mi ń bẹ nínú omi, ó ń yọ èéfófòó. Fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo wa rọ̀gbà yí ká. Àwa àti Burkina Faso ló ń gbá àṣekágbá ìdíje agbègbè wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí a fi ń wá ọ̀nà dé ife Áfíríkà, ní Cape Coast, ní Gánà. Ọ̀gá fọkanáísà bèèrè pé, “Ẹ ṣebí wọ́n ti pegedé níjọ́sí? Kí ni wọ́n tún ń lé kiri?” Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè: “Ọ̀gá, wọ́n ti wọlé. Ife ni wọ́n ń dù báyìí.”

Wọ́n ti wọlé! Òótọ́ ló sọ, àwọn méjèèjì ti rí àyè kí bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. (A na wọ́n 2-1.) A kúkú ti ní ìdánwò àṣewọlé tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí a ò ní ní ìdíje àṣewọlé, tí yóò dúró ti àṣekágbá bí ìbejì? Àbúrò wa kan ní Ilé-Ifẹ̀ dá a lábàá pé kó jẹ́ “àgbáwọlé”. Ó dùn mọ́ mi fún odidi ọjọ́ kan, àfi ìgbà tí mo rántí pé ẹni tó bá gbọ́ “ó gbá a wọlé”, góòlù ni yóò pariwo.

Ìtàn ìdíje náà wà lẹ́yìn mi. Kí 1995 tó dé, orílẹ̀-èdè kan a lọ bá èkejì nílé, èkejì a sì wá. Ní 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ pé jọ sójú kan, ní Mali. Gánà gbé ife, àwa ṣe ìkejì, àwa méjèèjì la sì jọ lọ sí ife àgbáyé ní Ecuador. Ife Áfíríkà fúnra rẹ̀ náà ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀: ní 2018, agbègbè wa, orílẹ̀-èdè méje, pàdé ní Niamey, ní ilẹ̀ Niger, Nàìjíríà nìkan ló sì wọlé. Bí a bá ní “wọ́n pegedé” lónìí, ẹnu ọ̀nà wo? Ṣùgbọ́n àṣewọlé Áfíríkà yàtọ̀ sí àṣewọlé àgbáyé, ọmọdé á mọ̀ ọ́n.

N kò ní kí a da pegedé nù, ẹ̀gbọ́n. Láti 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí wọ́n lè mọ̀ bí ọjọ́ orí wọn bá ti kọjá. Èyí tí egungun rẹ̀ bá jẹ́rìí gbè é, òun ni kí a pè ní ẹni tó pegedé.