Re: «àìgbẹ́kẹ̀lé-ọkàn»: àì yẹn ni mo ń bá jà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń wò yín láti ọjọ́ Àìkú, mo ní n ò ní dá sí i, àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe ìwé pélébé nípa àdúrà fún ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní London wá kọ ọ́ síbí pé «àìgbẹ́kẹ̀lé-ọkàn» lòun máa tẹ̀ jáde fún ohun tí òyìnbó ń pè ní anxiety, táwọn kan sì ti ń kí wọn kú ọpọlọ pípé, inú bí mi. «Àníyàn» tá a ti ń lò tẹ́lẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn; ọ̀rọ̀ tuntun yìí ń sọ ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo àì yẹn, tó ń sọ pé nǹkan ò sí tàbí pé èèyàn ò ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ní ṣebí àìsàn náà, àì ló fi bẹ̀rẹ̀, ta ló wá ń pe aláìsàn ní ẹlẹ́ṣẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e lẹ ò wò. Sàn kì í ṣe nǹkan téèyàn ń dìde ṣe. Kò sẹ́ni tó lè dúró síwájú yín kó ní «ó yá, sàn!» Àìsàn, àìlera, àìríná-àìrílò, ẹni tó bá ṣe, ńṣe là ń bá a kẹ́dùn. Àmọ́ gbọ́ràn, ṣòótọ́, gbàgbọ́, gbẹ́kẹ̀lé, gbogbo ìwọ̀nyẹn ni wọ́n lè pa láṣẹ fún èèyàn, tí ò bá wá ṣe é, ẹjọ́ dé nìyẹn. Àìgbọ́ràn, àìṣòótọ́, àìgbàgbọ́. Àárín wọn lẹ wá lọ to ẹni tí àyà ẹ̀ ń lù kì-kì-kì láago méjì òru sí. (Àìsùn ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná.)

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ tuntun yìí wọnú Pétérù Kìíní 5:7 kẹ́ ẹ rí i. Odindi Bíbélì ti wà lédè wa láti 1884, láyé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ohun tá a sì bá níbẹ̀ ni «ẹ máa kó gbogbo àníyàn yín lé e». Kó ni o, wọn ò ní ká gbé e. Ohun tó bá pọ̀ là ń kó, a ń kó ẹrù, a ń kó ìwé, a ń kó ọmọ lọ sílé ìwé. Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ní nǹkan lọ́wọ́ nìyẹn, ó pọ̀, ó wúwo, wọ́n ní kó wá kó o fẹ́ni tó lè rù ú. Ó dáa, ẹ pè é báyìí: «ẹ máa kó gbogbo àìgbẹ́kẹ̀lé-ọkàn yín lé e». Báwo lèèyàn ṣe ń kó ohun tí ò sí? Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó ń kó ẹrù ẹ̀ lé ẹlòmíì, ṣé kò tíì gbẹ́kẹ̀ lé e ná?

Nínú ọgbà Gẹtisémánì, Mátíù 26, Olúwa fúnra ẹ̀ ní ọkàn òun bàjẹ́ gidigidi títí dé ikú. Ó lọ gbàdúrà, ó padà, ó tún lọ, ó tún lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ. Èwo nínú ẹ̀ la fẹ́ pè ní àìgbẹ́kẹ̀lé? Èlíjà tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun ńkọ́? Áńgẹ́lì ò bá a wí, àkàrà àti omi ló gbé fún un, ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Pọ́ọ̀lù tó sì kọ ọ́ sáwọn ará Fílípì pé kí wọ́n má ṣàníyàn ohunkóhun, inú ìdè ló wà, ó ní àlàáfíà Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọkàn wọn. Ṣọ́! Ibi tí olè ò lè dé, ta ní í gba ọlọ́dẹ síbẹ̀?

Ẹnì kan tún sọ pé àwọn àgbà Aládúrà ayé ijọ́un ò mọ àníyàn, àdúrà nìkan ni wọ́n mọ̀. Ta ló sọ fún yín? Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ń pa èèyàn, tí wọ́n kóra jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ń gbàdúrà, ẹ̀rù ò ha bà wọ́n ni? Ìyá ìyá mi, Áńgílíkà pọ́ńbélé, kì í fi bò pé ọkàn òun ò balẹ̀, á ní «ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó fún Baba», ó di inú yàrá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, tó máa ń rán wa létí pé òun ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ wa, ní àníyàn ti fúyẹ́ jù, pé a tiẹ̀ ń fi yin ìyá tó ní àníyàn ọmọ. Ẹ kú àgbà sà, àmọ́ ohun tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ ò kàn kì í jí lóru. Tó bá wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó di ohun tó ń fẹ́ dókítà, ẹ kọ «àìbalẹ̀ ọkàn» síbẹ̀, mo fara mọ́ ọn, balẹ̀ bíi sàn ni, kò sẹ́ni tó ń fagídí balẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ kó hàn nínú ìwé yẹn pé ẹni tó ń gbàdúrà lè lọ rí dókítà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ní WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì wa, arákùnrin kan kọ «e ba mi gbadura, aya mi n ja», làwọn ìyá ìjọ bá gbé àdúrà lórí ìjà tọkọtaya, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ lọ bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀. Àyà ọkùnrin náà ló ń já.

Ní ti ọ̀rọ̀ náà «hílàhílo» tẹ́yin méjì ń fà lórí àmì ohùn ẹ̀ láti àná, n ò sí níbẹ̀ o. Bí mo ṣe kọ ọ́ yìí la ṣe ń pè é nílé wa, ẹni tó bá ní ilé wa ò mọ̀ ọ́n pè, kó wá wí tiẹ̀.