Òbí aláwọ̀ ewé, ọmọ búlúù?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọlọ́sìn budgie (ẹyẹ kékeré tó jọ odídẹrẹ́), àwọ̀ ewé ni akọ àti abo tèmi, àmọ́ nínú ọmọ mẹ́rin tó jáde ọ̀kan jẹ́ búlúù, báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ akọ?

— Ẹ má dààmú, àwọ̀ ewé ló máa ń borí búlúù. Ìyá àti bàbá ló gbé búlúù pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tọ́mọ bá gbà á lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì á yọ síta.

— Wo awọ orí imú wọn. Ọmọdé akọ, píǹkì ló kárí, tabo máa ń ní funfun yí ihò imú ká. Tí wọ́n bá dàgbà takọ á di búlúù, tabo á di búráwùn.

— Àfi lutino o, yẹ́lò olójú pupa yẹn, píǹkì nimú akọ tiẹ̀ máa ń wà títí. Mo ti ta akọ kan bí abo rí, ó dùn mí gan-an.