Ojú iná ti jinná, àmọ́ àpá rẹ̀ kò dẹ́kun wíwú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Yaba. Ní oṣù méje sẹ́yìn, áyọ́ọ̀nù jó mi ní apá òsì. Kò tóbi, ó sì jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àṣé àpá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra ni: ó ń wú, ó ń dán, ó ń yún mi lóru bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Téèpù ìránṣọ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ínṣì 1 ni nígbà tó jinná, ó ti di 1 àti ààbọ̀ báyìí, ó ti kọjá ibi tí iná jó.

Mo ti fi òrí pa á. Mo ti lo jẹ́lì sílíkóònù fún oṣù méjì. Oníbàárà mi kan ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á. Ẹ má dán an wò, ẹ jọ̀ọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ní kẹ́lọ́ìdì ni, ìyẹn àpá tó ń wú kọjá ojú ọgbẹ́, ó ní kí n lọ gé e. Ṣùgbọ́n mo kà pé bí wọ́n bá gé e lásán, ó sábà máa ń padà wá. Wọ́n ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní fibroblast ló ń hun kọ́lájìn, èròjà bí okùn tó di awọ ara mú, láti dí ojú ọgbẹ́, pé ó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró tí iṣẹ́ bá parí. Tèmi ṣì ń hun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa awọ ara: kí ló yẹ kó dá àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí dúró, ṣé abẹ́rẹ́ triamcinolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń gún sínú àpá, sì lè ṣe é kí n tó gbà kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn mí?