"Owó ìwọlé ibo?": Èsì lórí "àìdọ́gba owó-ìwọlé"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa kọ̀wé láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé pé owó tó ń wọlé fún olówó àti èyí tó ń wọlé fún mẹ̀kúnnù túbọ̀ ń jìnnà síra wọn, pé kí á máa pe ọ̀rọ̀ náà ní "àìdọ́gba owó-ìwọlé" nínú ìwé ẹ̀kọ́ ọmọdé tí à ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún. Wọ́n ní kí á sì máa pe ohun tó ń fà á ní "àwọn agbára ọrọ̀ ajé". Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀: méjèèjì kò tíì jinná.

Mo gbé "owó-ìwọlé" tọ ìyá aláta tí mo ń bá nájà ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn, lọ. Wọ́n ń ṣa rodo tó ti rọ̀ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, báwo ni owó-ìwọlé yín lọ́dún yìí?" Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Owó ìwọlé ibo? Páàtì ni?" Nígbà tí mo wá ní "owó tó ń wọlé fún yín", wọ́n ju ata ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Èwo ló ń wọlé? Èyí tó ń jáde ni kí o bi mí."

Ẹ ò rí nǹkan. Ọ̀kan ni owó tí èèyàn ń san lẹ́nu géètì, èkejì ni owó tó ń báni nílé. Kí á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, "owó tó ń wọlé", ó tó. Kò sí òfin tó ní dandan ni kí gbogbo ìmọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo. "Owó oṣù" tí àwọn kan dábàá kò lè gbà á: aláta kì í gba owó oṣù, lánlọ́ọ̀dù náà kì í gbà á.

"Àìdọ́gba" gan-an ló ń dùn mí jù. Bí Yorùbá bá ti gbọ́ ọ níbi ọ̀rọ̀ owó, ìka ọwọ́ ló máa wá sí i lọ́kàn: ìka ò dọ́gba, Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ìka wo ló ń gùn sí i lọ́dọọdún tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń kúrú? Ohun tí à ń wá orúkọ fún kò dúró sójú kan. "Àlàfo" ni mo fara mọ́, nítorí pé àlàfo ṣeé fẹ̀. "Àlàfo owó tó ń wọlé ń fẹ̀ sí i": kò sẹ́ni tó máa béèrè ìtumọ̀ ìyẹn. Kí "àìdọ́gba" dúró sídìí òṣùwọ̀n tí Corrado Gini, ará Ítálì, gbé jáde ní 1912. Tí gbogbo èèyàn bá ń gba iye kan náà, òṣùwọ̀n yẹn á jẹ́ 0. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá kó gbogbo rẹ̀, á súnmọ́ 1. Ìṣirò nìyẹn, kò pa ìka lára.

Ní ti "agbára ọrọ̀ ajé", etí tèmi ń gbọ́ ọ bí agbára ọlọ́rọ̀. "Ohun tó ń mú àlàfo fẹ̀" ti tó mi. Bí a bá sì wo ohun náà fúnra rẹ̀, àwọn baba wa ti sọ ọ́ lórúkọ: ọ̀yà, èrè, èlé, ìṣákọ́lẹ̀.

"Ọ̀gá tà, ọ̀gá ò tà, owó aláàárù á pé." Bí ẹni ń gbèjà aláàárù la ṣe máa ń pa á, ó sì ń gbèjà rẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ tí ọjà bá kú. Ẹ wá wo ọjọ́ tí ọ̀gá tà á ní ìlọ́po mẹ́wàá. Owó aláàárù pé náà ni, kò lé. Èyí tó pé yẹn ni ọ̀yà, èyí tó lé ni èrè.

Ní 2019, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ní Nàìjíríà di 30,000 náírà, ó lé ní 80 dọ́là nígbà náà. Ní Oṣù Keje 2024, wọ́n sọ ọ́ di 70,000. Àmọ́ ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023 kí ọjà máa dá iye lé e, ni 70,000 náà kò bá tó 50 dọ́là. Lójú ìwé, ọ̀yà ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó ní ilé tó fi háyà, tàbí tó ń gba dọ́là, tirẹ̀ ń bá ọjà gòkè ní tiẹ̀. Àwọn àgbà tó rántí owó Údójì ti 1975, tí wọ́n fi orúkọ alága ìgbìmọ̀ tó dábàá rẹ̀ pè, mọ ẹ̀ka mìíràn nínú rẹ̀: ìjọba ológun Gowon fi kún owó òṣìṣẹ́ ìjọba, ó san àjẹsílẹ̀ mọ́ ọn, òṣìṣẹ́ aládàáni daṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè fi kún tiwọn náà, owó ọjà sì fò sókè. Àgbẹ̀ tí kò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ náà ra ìyọ̀ níye Údójì.

Èlé kò ní wàhálà. Ẹni tó bá rántí ìwọ̀fà, ẹni tí wọ́n fi dógò nítorí owó tí wọ́n yá, mọ bó ṣe rí: ó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ san èlé, owó tó yá kò sì dín.

Ìṣákọ́lẹ̀ ló kù tí mo ń lọ́ra lé lórí. Ohun tí àgbẹ̀ ń fún onílẹ̀ lórí oko tó fi dáko ni. Inú mi ìbá dùn kí á nà án dé orí gbogbo owó tó ń wọlé fún ẹni tó kàn ni ilẹ̀ tàbí ilé, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tó bá a mu jù ú lọ. Ṣùgbọ́n láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ìlú méjì tó ti bára wọn jà nítorí ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀, egbò wà lára ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìhà méjèèjì wá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè fara gbà á nínú ìwé ẹ̀kọ́ ọmọdé? Mi ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbọ́ tiyín.