Ajá ti lọ, owó ìtọ́jú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀

Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kí n tó kọ èyí, torí òun ló ni ọ̀rọ̀ náà.

Dúdú lorúkọ ọmọ ajá rẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò jẹun. Kó tó di alẹ́, ó ti ń bì, ó sì ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní parvo ni.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: àrùn yìí máa ń ba ìfun ajá jẹ́, ó sì ń wọ inú mùdùnmúdùn egungun, níbi tí ara ti ń rí agbára tó fi ń bá àìsàn jà. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa kòkòrò rẹ̀. Ohun tí dókítà ń ṣe ni pé kó máa fa omi sí ajá náà lára, kó dá èébì dúró, kó fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí àrùn mìíràn gba ojú ìfun tó ti bó wọlé, kí ara ajá náà lè rí àyè jà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi máa ń ga. Bílẹ̀ bá ti mọ́, owó mìíràn tún ti gun orí ti àná.

Ọjọ́ márùn-ún ni Dúdú lò nílé ìwòsàn ẹranko. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbórí sókè, ó lá omi díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi pè mí lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Lọ́jọ́ karùn-ún, kílẹ̀ tó mọ́, Dúdú kú.

Mo bá a kẹ́dùn, mo wá fi í sílẹ̀ kó sinmi. Nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò gbé ìpè mi, mo lọ bá a nílé. Okùn ọrùn Dúdú wà lórí tábìlì, pupa, kò ju ohun tó lè yí ọrùn ọwọ́ mi ká lọ. Ìwé kan wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Ó ti ká a, ó ti tú u, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ibi tó ṣẹ́ ti ń ya.

"Owó dókítà ni," ló wí. "Ká ní ó yè ni, tayọ̀tayọ̀ ni ǹ bá fi máa san án. Ní báyìí, bí mo bá ti mú owó dání, ṣe ló ń ṣe mí bíi pé ikú rẹ̀ ni mò ń san. Ta ni mo sì fẹ́ sọ fún pé ajá ló sọ mí di onígbèsè?"

Àwọn kan ti sọ fún un pé ṣebí ajá ni, kó ra òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò kó owó lé e lọ́wọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé ìwé náà lọ. Láti ọjọ́ tí Dúdú ti kú, kò lè gba àdúgbò ilé ìwòsàn yẹn kọjá mọ́, owó tí mo bá sì fún un níjọ́ náà, orí tábìlì yẹn náà ni ì bá wà. Ó kọ́kọ́ pè wọ́n, ó ní kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀, torí wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ owó ẹni fún ẹlòmíràn.

Mo ní kí wọ́n tú owó náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A rí i pé wọ́n ti ka owó omi ọjọ́ kẹfà mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ karùn-ún ni ajá kú. Obìnrin tó wà nídìí owó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tọrọ àforíjì, ó yọ ọ́. Mo wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ ká pín ìyókù sí oṣù mẹ́rin, kí ọjọ́ ìsanwó bọ́ sí ìgbà tí owó oṣù bá wọlé. Wọ́n gbà. Èmi san ti oṣù kìíní níbẹ̀, mo gba rìsíìtì.

Àṣìṣe mi rèé o: mo sọ ọ̀rọ̀ gbèsè náà fún ẹnì kan kí n tó bi ọ̀rẹ́ mi bóyá mo lè sọ ọ́. Ó gbọ́, inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an, mo sì tọ̀ ọ́ lọ, mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló dárúkọ ẹni méjì tí mo lè bá sọ ọ́. Àwọn ló san ti oṣù kejì àti ìkẹta, tààrà sí ilé ìwòsàn.

Nǹkan kan tún wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju owó lọ. Dúdú ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kìíní, ọ̀rẹ́ mi sì gbà pé òun ló fi èkejì falẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ààbò tí ọmọ ajá gbà lára ìyá rẹ̀ lè dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un gún títí ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ kejì bọ́ sí kò tíì pé nígbà tí àìsàn dé. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ.

Ẹnì kan fẹ́ fi ọmọ ajá tuntun tù ú nínú. Dókítà ní kò tíì yá, torí kòkòrò parvo lè wà nínú ilé àti nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. A kó ibùsùn Dúdú dànù, a fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ ilé, lẹ́yìn náà a da bílíìsì sí omi, ìwọ̀n kan sí 30, a fi nù ún, a jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo ọ̀sán Sátidé kan la fi ṣe é, a ò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ti oṣù kẹrin, ó ní òun lòun máa san án. Mo fẹ́ jiyàn, mo wá dákẹ́. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó wọlé lóun nìkan. Nígbà tó ń jáde bọ̀, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú Dúdú tẹ̀ lé e, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ibi tí mo dúró sí, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ mo rí ọ̀rẹ́ mi tó ń fi ọwọ́ kejì júwe bí etí ajá náà ṣe máa ń ṣubú bo ojú.